Kámẹ́rà Àkọ́kọ́: Ohun tí Mile 12 àti Kétu Ń Béèrè Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Oníṣẹ́ Fíìmù

Kámẹ́rà àkọ́kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ oníṣẹ́ fíìmù dà bí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ télọ̀: òun ni yóò fi gún ara rẹ̀ lọ́wọ́, òun náà ni yóò fi mọ iṣẹ́. Bí owó kò bá tó, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti fẹ́ máa ya eré ni kó kọ́kọ́ wò kó tó wo kámẹ́rà. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Èkó, ibẹ̀ ni ọjà oúnjẹ Mile 12, ọjà èso Kétu, títì Ìkòròdú, yàrá ilé ayálégbé ní Ìkòsì àti etí odò ní Agbóyì. Ohun márùn-ún ló wọ́pọ̀ níbẹ̀: ariwo, òkùnkùn alẹ́, àìsí iná, ọ̀rinrin àti èrò. Kámẹ́rà tó bá lè bá márùn-ún yìí yí ni kó rà. Ìyókù fàájì ni.

Owó kékeré kì í ṣe ohun tuntun nínú fíìmù Nàìjíríà. Orí sẹ́lúlọ́ìdì, ìyẹn ọ̀já fíìmù, ni Hubert Ògúndé ti gbé fíìmù rẹ̀, Ayé, jáde ní 1979. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, ọwọ́ ọ̀pọ̀ eléré kò tó sẹ́lúlọ́ìdì mọ́, nítorí owó òkèèrè ni wọ́n fi ń rà á. Fídíò ló gbà wọ́n sílẹ̀. Inú kásẹ́ẹ̀tì VHS ni Living in Bondage tí Kenneth Nnebue gbé jáde ní 1992 ti dé ilé àwọn ènìyàn. Ní 1993, Túndé Kèlání, tó ti ń gbé kámẹ́rà láti ìgbà tó ti wà ní ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán Ìbàdàn, gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde lórí fídíò.

Lónìí, fóònù ló wà ní ipò tí fídíò wà nígbà náà. Ní Ìkòròdú, níbi tí bọ́ọ̀sì BRT ń dé láti Mile 12, àwọn ọmọdé tí a mọ̀ sí Ikorodu Bois fi fóònù àti ohun èlò inú ilé sín fíìmù òkèèrè jẹ. Ní 2020, àwọn arákùnrin Russo tó ṣe agbátẹrù Extraction rí bí wọ́n ṣe sín in jẹ, wọ́n sì pè wọ́n síbi àfihàn apá kejì. Ní Amẹ́ríkà, iPhone 5s ni Sean Baker fi ya Tangerine, tó jáde ní 2015, ṣùgbọ́n ohùn eré náà gba ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí fóònù rẹ̀ ń ya 1080p, kó kọ́kọ́ fi í parí eré kúkúrú kan. Ibi tí fóònù bá ti já a kulẹ̀ ni yóò sọ irú kámẹ́rà tí yóò rà fún un.

Ní Mile 12, ohùn ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Láàárín igbe alábàárù, fèrè tírélà tó kó tòmátì àti àlùbọ́sà ti Òkè-Ọya wá, àti jẹnẹrétọ̀ tó ń hó, gbohùngbohùn inú kámẹ́rà a máa gbọ́ gbogbo ọjà ju ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ. Òǹwòran lè fara da àwòrán tó ṣú díẹ̀; ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ ni yóò lé e dìde. Ihò gbohùngbohùn ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wá lára kámẹ́rà. Sony a6000, tó jáde ní 2014, ń ya àwòrán tó dán, ṣùgbọ́n kò ní ihò yìí. Canon 600D (2011), Canon 700D àti Nikon D5300 (2013), àti Canon M50 (2018) ní in. Gbohùngbohùn kékeré tí a fi há ọrùn aṣọ sàn ju ńlá tó wà lórí kámẹ́rà lọ, nítorí bí ó bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí ẹnu, agbára ohùn tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á já sí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Bí alẹ́ bá lẹ́ ní Kétu, tí àwọn ọlọ́jà tan iná bátìrì sórí igbá ọsàn, lẹ́ǹsì ló ń ṣiṣẹ́ ju kámẹ́rà lọ. Lẹ́ǹsì 18–55mm tó máa ń bá kámẹ́rà wá kì í ṣí ju f/5.6 lọ bí a bá fà á dé òpin; bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré sí ni ojú lẹ́ǹsì ń ṣí sí. Lẹ́ǹsì 50mm f/1.8, tó wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù, ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí. Àmọ́ nínú yàrá kan ilé ayálégbé, orí àti àyà nìkan ni 50mm yóò rí. 18–55 ló ń rí bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò àti ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀sán náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí aláwọ̀ dúdú bá dúró kọ ẹ̀yìn sí ojú ọ̀run, kámẹ́rà tó ń dá wọn ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ á sọ ojú rẹ̀ di èédú. Kámẹ́rà tí a lè fi ọwọ́ yan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ rà, kó sì fi ojú ènìyàn ṣe òṣùwọ̀n, kó fi ojú ọ̀run sílẹ̀.

Kò sí ìdí láti sanwó nítorí 4K, àwòrán tó kún ju 1080p lọ. Ó ń yára kún káàdì, ó sì ń dá kọ̀ǹpútà tí kò lágbára dúró. Ní 1080p, 32GB ń gba nǹkan bí wákàtí kan àti ààbọ̀ lórí 600D, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kámẹ́rà náà ń dáwọ́ dúró ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń ya eré kì í sábà nílò jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ya ìsìn tàbí òde ìgbéyàwó ni yóò jìyà rẹ̀.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń rà, Computer Village ní Ìkẹjà kò sì jìnnà sí Kòsọ́fẹ́. Kí òǹrajà tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ǹsì: bí ó bá rí ohun tó dà bí òwú alántakùn, lẹ́ǹsì náà ti bu, kó dá a padà. Kó ya ìṣẹ́jú mẹ́wàá níwájú ẹni tó ń tà á, kó ki gbohùngbohùn tirẹ̀ bọ ihò, kó gbọ́ ohùn náà padà. Kó de lẹ́ǹsì pa, kó ya àwòrán kan, kó wo bóyá àmì funfun wà nínú òkùnkùn náà. Bí ó bá gbé e délé, ọ̀rinrin ni ọ̀tá. Lásìkò tí odò Ògùn bá kún dé ẹ̀yìn Mile 12 àti Agbóyì, inú ike tó dé pinpin ni kí kámẹ́rà máa sùn, pẹ̀lú àpò kékeré agbọ̀rinrin tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun.

Pínpín owó ni iṣẹ́ tó kù. Bí a bá pín in sí mẹ́wàá, ìdá márùn-ún ni ti kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì, méjì ti ohùn, ọ̀kan ti bátìrì méjì mìíràn, ọ̀kan ti mẹ́mórì káàdì àti ẹsẹ̀ kámẹ́rà, ọ̀kan ti owó ọkọ̀ àti oúnjẹ àwọn eléré. Bátìrì kan kì í ya fídíò tó wákàtí méjì, iná ìjọba kì í sì í bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn. Bátìrì kan náà, LP-E8, ni 600D àti 700D ń lò, èyí tó mú kó rọrùn láti yá lọ́wọ́ ojúgbà. Páálí funfun tó ń da oòrùn padà sí ojú eléré kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ní ti èrò, kámẹ́rà kékeré kì í pe àwọn ọmọ ìta bí èyí tó tóbi, ṣùgbọ́n ìyálọ́jà tàbí bàbálọ́jà ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kí. Fún ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ní Kòsọ́fẹ́, Canon 700D tòkunbọ̀ tí kò bu, lẹ́ǹsì 18–55 rẹ̀, gbohùngbohùn ọrùn aṣọ kan àti bátìrì mẹ́ta tó láti bẹ̀rẹ̀. Kó má ṣe fọwọ́ kan ìdá owó oúnjẹ rárá. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ eré pàápàá.