Ojú Tó Mọ Ibi Tí Agbára Gbà Wọlé

Lára ohun tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ kó tó papòdà ní 1938, àwo onídèérí kan wà tó ti di ti ilé ọnà Áfíríkà ti Smithsonian ní Washington báyìí. Àwọn ère tó kúnlẹ̀ ló gbé àwo náà ró. Láàárín wọn, níbi tí ọwọ́ kò ti ráyè wọ̀ dáadáa, orí ènìyàn kan wà tí kò so mọ́ ohunkóhun. Igi kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ kò gbẹ́ orí náà lọ́tọ̀ kó tó kì í bọ̀ ọ́. Àárín àwọn ère ló ń ti irinṣẹ́ bọ̀, tó ń gbẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí orí fi já kúrò lára igi, tó di ohun tó ń yí gbirigbiri nínú àhámọ́ tí kò lè jáde. Gbé àwo náà, orí á yí. Gbé e kalẹ̀, orí á dúró. Ọkùnrin yìí náà ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ síbi àfihàn Wembley ní 1924. Ẹni tó mọ iṣẹ́ tó báyìí kò fi ibi tí yíyí náà ti ń wá pamọ́ fún ẹnikẹ́ni: ọwọ́ ẹni tó gbé àwo ni.

Irú òótọ́ yẹn ni mo fẹ́ yìn, àti àwọn tó mọ bí a ti ń ṣọ́ ọ. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà bẹntiróòlù kan fò láti abẹ́ 200 náírà kọjá 500, ìròyìn jẹnẹrétọ̀ tí kò lo epo dùn létí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Èmùré, ẹni tó ń lọ ata, ẹni tó ń gẹrun àti ẹni tó ń ta omi tútù ń ṣírò owó epo kí wọ́n tó ṣírò owó oúnjẹ. Ta ni irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò ní wọ̀ lára? Ohun tí wọ́n sì máa ń gbé kalẹ̀ kò le láti lóye: bátìrì kan, mọ́tọ̀ kékeré kan tí bátìrì ń yí, bẹ́líìtì tó so mọ́tọ̀ mọ́ alternator, waya tó gbé iná padà láti ara alternator sínú bátìrì, gílóòbù kan tó ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bátìrì ń yí mọ́tọ̀, mọ́tọ̀ ń yí alternator, alternator ń bọ́ bátìrì, wọ́n ní èyí tó ṣẹ́kù ló ń tan ilé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹnu lásán ni ẹni tó bá ṣiyèméjì fi ń kọ̀. Iyèméjì tó yè kooro, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ó ní ọ̀gá, ó sì ní ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Ní 1812, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles Redheffer gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ó ní ó ń dá ara rẹ̀ yí, ó sì ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń wá wò ó. Ó tún ní kí ìlú fún òun lówó kí òun fi kọ́ èyí tó tóbi jù ú lọ. Ní oṣù Kìíní 1813, wọ́n rán àwọn ènìyàn wá yẹ̀ ẹ́ wò. Redheffer ti yàrá pa, ó ní ojú fèrèsé ni kí wọ́n ti wò ó. Nathan Sellers wà lára wọn, ó sì mú ọmọ rẹ̀, Coleman, dání. Ọmọ yìí ló rí i. Redheffer ní ẹ̀rọ òun ló ń yí ẹ̀rọ kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Eyín jíà ló so méjèèjì pọ̀. Eyín jíà kì í sì í jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bákan náà: ojú tí wọ́n fi ń ti ara wọn nìkan ló ń jẹ tó sì ń dán. Coleman wo ibi tó dán, ó rí i pé òdìkejì ibi tó yẹ kó wà ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní à ń yí gan-an ló ń yí èyí tí wọ́n ní ó ń dá yí.

Ẹ dúró wo àkíyèsí yẹn dáadáa. Ọmọ náà kò fọwọ́ kan nǹkan kan, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, kò sì wọnú yàrá. Ohun tó ti mọ̀ nípa irin tó ń fara gbo irin ló tó o. Ẹlẹ́rọ lè sọ ohun tó wù ú fún èrò, ṣùgbọ́n eyín jíà tó ti jẹ kò ní yí ẹ̀rí tirẹ̀ padà.

Àwọn ará Philadelphia kò wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú Redheffer. Isaiah Lukens, oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ni wọ́n lọ bá pé kó kọ́ irú ẹ̀rọ náà. Ó kọ́ ọ, ó sì fi ẹ̀rọ aago pamọ́ sínú rẹ̀ débi tí ojú kò fi lè tó o. Nígbà tí wọ́n gbé e han Redheffer, òun fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́, ó sì ń wá bí òun yóò ṣe fi owó ra àṣírí rẹ̀. Ẹni tó bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ irú ohun tó ń ṣiyèméjì sí ti dá ẹjọ́ náà.

Redheffer kó lọ sí New York lọ́dún yẹn kan náà. Robert Fulton, ẹni tó sọ ọkọ̀ ojú omi tó ń fi oru omi rìn di ohun òwò, lọ wo ẹ̀rọ náà. Etí ni Fulton lò. Ó gbọ́ pé yíyí ẹ̀rọ náà kò dọ́gba: ó ń yá díẹ̀, ó ń falẹ̀ díẹ̀, bí ohun tí ọwọ́ ènìyàn ń fi ọ̀pá yí ṣe máa ń ṣe. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣí ara ògiri wò. Nígbà tí wọ́n ká pákó díẹ̀ kúrò, okùn ìfun ẹran kan yọ. Wọ́n tọ̀ ọ́ dé yàrá òkè, wọ́n bá bàbá àgbàlagbà onírùngbọ̀n kan tó ń fi ọwọ́ kan yí ọ̀pá, tó ń fi ìkejì jẹ búrẹ́dì. Kòkòrò tó ń jó lójú omi, onílù rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ odò.

Irú ojú àti etí bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ẹ dúró ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ìsẹ̀, kí ẹ wo ọ̀gá tó mọṣẹ́. Kó tó mú súpánà, á ní kí wọ́n tan án, á sì tẹ́tí. Ohùn bíárìn tó ti jẹ yàtọ̀ sí ohùn ẹ̀rọ tí epo kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Á fi imú wá òórùn kọ́ìlì tó jóná. Á gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e lára, á wá ibi tó gbóná jù. Á yọ plọ́ọ̀gì, á wo ẹnu rẹ̀: bó bá dúdú bí èédú, epo tó ń jó pọ̀ ju atẹ́gùn lọ, bó bá funfun, epo kò tó. Lẹ́yìn èyí ni á wá sọ fún ẹni tó ni ín pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó pẹ́ tí ẹ ti pààrọ̀ ọ́ìlì yìí o." Kò bá wọn gbélé, ara irin ló ti kà á.

Ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ tí kò lo epo síwájú rẹ̀. Ìṣirò àkọ́kọ́ kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bátìrì 12 volt tó jẹ́ 100 ampere-wákàtí ní 1,200 wáàtì-wákàtí nínú. Gílóòbù oníwáàtì 10 lè fi í tàn fún wákàtí 120, ìyẹn ọjọ́ 5, láìsí mọ́tọ̀ tàbí bẹ́líìtì kankan níbẹ̀. Nítorí náà ẹni tó pe èrò jọ, tó tan gílóòbù fún wákàtí 2, kò tíì fi nǹkan kan hàn ju pé bátìrì òun kún lọ. Ká wá ní mọ́tọ̀ gba wáàtì 100, tó fi 80 yí, kí alternator sì sọ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún èyí di iná: 48 ló padà sínú bátìrì tó ti ná 100. Ẹ já bẹ́líìtì kúrò, kí ẹ so gílóòbù mọ́ bátìrì tààrà, yóò tàn pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Níbo ni 52 yòókù gbà lọ? Ọwọ́ tó kan alternator mọ̀: ooru ni. Ní àwọn ọdún 1840, James Joule, ọmọ apọntí ní Salford, so ohun wúwo mọ́ okùn kó máa sọ̀kalẹ̀, kó máa yí abẹ̀bẹ̀ nínú omi, ó sì fi sùúrù wọn bí omi náà ṣe ń móoru. Ní 1847, Hermann Helmholtz ará Jámánì kọ òfin náà kalẹ̀ pé agbára kì í ṣègbé, kì í sì í ti inú òfo wá; ó kàn ń kúrò ní irú kan bọ́ sí òmíràn ni. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Paris ti sọ tipẹ́, ní 1775, pé àwọn kò ní yẹ ẹ̀rọ tí wọ́n bá ní ó ń dá ara rẹ̀ yí wò mọ́.

Pípẹ́ nìkan kò sì tó ẹ̀rí. Ní Jámánì, ní 1717, wọ́n fi òǹtẹ̀ ti yàrá tí àgbá kẹ̀kẹ́ tí Johann Bessler ní ó ń dá ara rẹ̀ yí wà pa. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní ìbẹ̀rẹ̀ 1718, ó ṣì ń yí. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo inú rẹ̀ bó ṣe wù ú. Nígbà tí Willem 's Gravesande, ọ̀mọ̀wé ará Netherlands, fara balẹ̀ yẹ ọ̀pá àárín rẹ̀ wò ní 1721, Bessler bínú, ó fọ́ ẹ̀rọ náà. Ní 1727, ìránṣẹ́bìnrin ilé rẹ̀ jẹ́rìí pé àwọn ló ń yí i láti yàrá kejì.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ iyèméjì yìí kì í fi í pa ọgbọ́n ọmọdé. Ní oṣù Kọkànlá 2012, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin gbé jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ní ó ń lo ìtọ̀ wá síbi àfihàn àwọn oníṣẹ́ ọpọlọ kan ní Èkó: lítà kan, iná wákàtí 6. Àwọn onímọ̀ tọ́ka sí i pé iná tí wọ́n fi ń fa háídírójìn jáde nínú ìtọ̀ ni kí a kọ́kọ́ kà, nítorí ó máa ń ju èyí tí háídírójìn náà ń dá padà lọ. Àtakò náà tọ́. Síbẹ̀ bí wọ́n ṣe sẹ́ gáàsì náà, tí wọ́n fa ọ̀rinrin inú rẹ̀ gbẹ, tí wọ́n sì fi fáàfù dènà ìbúgbàù, iṣẹ́ gidi ni. Ọ̀gá tòótọ́ á yọ ìṣirò tí kò tọ́, á sì jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ dúró.

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé jẹnẹrétọ̀ tí kò lo epo wá sí àdúgbò yín, ẹ má bú ẹlẹ́rọ, ẹ má sì tíì sanwó. Ẹ pe ọ̀gá atúnjẹnẹrétọ̀ṣe yín, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ fún un, nítorí iṣẹ́ ni yóò ṣe. Kí wọ́n ṣí gbogbo ìdérí. Kí ó so mítà mọ́ waya tó jáde lára bátìrì àti èyí tó padà wọlé, kó kọ méjèèjì sílẹ̀. Kí ó gbé ẹrù gidi lé e, fíríìjì tàbí ẹ̀rọ ata, fún ọjọ́ tó ju iye tí bátìrì lè dá gbé lọ. Sólà yege ìdánwò yìí, torí oòrùn tó ń bọ́ ọ kò fara pamọ́. Ẹ̀rọ tí odò ń yí náà yóò yege. Ẹni tó bá lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí agbára gbà wọlé, ẹ ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì yìn ín níta. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ padà lọ parí.