Pápá Ìṣeré Lórí Àkùrọ̀

Àwa tí a ń gbé Peckham, tí a ń wọ bọ́ọ̀sì 36 lọ sí Vauxhall, kò sí bí a kò ṣe ní mọ pápá kíríkẹ́ẹ̀tì Oval tí ó wà ní Kennington. Láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ̀ ọ́n, nítorí kíríkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe eré tí a bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ eré kọ́ ni a mú wá lónìí. Ilẹ̀ tí ó yí pápá náà ká, àti omi tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ni a fẹ́ ṣe lámèyítọ́ lé lórí. Ìdí rẹ̀ yóò hàn bí a bá dé ìsàlẹ̀, nítorí owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, owó tiwa sì ni.

Kí Oval tó di pápá ìṣeré ní 1845, ọgbà ẹ̀fọ́ ni. Wọ́n gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Duchy of Cornwall, wọ́n sì kó 10,000 ègé koríko wá láti Tooting Common láti fi tẹ́ ẹ. Ẹni tí ó bá mọ ilé yóò ti mọ irú ilẹ̀ tí a ń wí: àkùrọ̀ ni. Odò kékeré kan tí ń jẹ́ Effra ń ṣàn lẹ́bàá ibẹ̀. Upper Norwood ni ó ti ń sun, ó gba Herne Hill àti Brixton kọjá, ó sì ń já sínú Thames nítòsí afárá Vauxhall. Àwọn ọmọ wa tí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní apá Brixton ń rìn lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Láti 2016 ni wọ́n ti ń ri àwo irin mọ́ ojú ọ̀nà ní Lambeth láti fi ibi tí odò náà gbà hàn. Ẹ ní kí wọ́n máa wolẹ̀ dáadáa.

Ní 1880 wọ́n bo Effra mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Erùpẹ̀ tí wọ́n wú, wọn kò dà á nù. Wọ́n kó o yí pápá ká, wọ́n fi ṣe òkìtì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún àwọn òǹwòran. Lọ́dún náà gan-an, ní oṣù kẹsàn-án, ni England àti Australia ṣe eré Test àkọ́kọ́ tí ó wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí pápá yìí kan náà. Àwa tí a ń fi ìṣirò owó jẹun fẹ́ràn irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ìnáwó apá kan di èrè ní apá kejì, kò sí owó ọkọ̀ tí yóò kó erùpẹ̀ dànù, ẹni tí ó wà lẹ́yìn sì ń rí eré lórí ẹni tí ó wà níwájú.

Ibi tí a ti bá wọn wí ni ti odò fúnra rẹ̀. Wọ́n sọ Effra di ọ̀nà ẹ̀gbin. Omi òjò, omi ìwẹ̀ àti ti ilé ìgbẹ́ wá ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo lábẹ́ ilẹ̀. Bí òjò bá pọ̀ jù, ọ̀nà náà á kún, gbogbo rẹ̀ á sì tú sínú Thames. Ọdún 2025 ni wọ́n tó so gbogbo ihò ńlá Tideway pọ̀ tán, ihò tí ó gùn tó kìlómítà 25, láti gba irú omi bẹ́ẹ̀ kí ó tó dé odò. Láti 1880 sí 2025, ẹ ṣírò rẹ̀. Gbèsè tí baba ńlá jẹ, owó omi tí àwọn ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń san lónìí ni wọ́n fi ń san án, àwa náà sì wà nínú wọn.

Ní ti ojúde Oval lónìí, ilé ìjókòó tí wọ́n ṣí ní 2005 rẹwà. Òrùlé rẹ̀ tẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rìn yí ìta rẹ̀ po, bíríkì, òkúta títẹ́ àti ọ̀dà ni ẹ ó máa rí. Mìlímítà òjò 1 lórí mítà onígun mẹ́rin 1, lítà omi 1 ni. Bí mìlímítà 30 bá rọ̀ sórí hẹ́kítà kan tí a fi kọnkéré bò, 300,000 lítà ni yóò máa wá ọ̀nà tí yóò gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Koríko àti erùpẹ̀ a máa mu nínú rẹ̀. Kọnkéré kò mọ omi mu. Lọ́jọ́ 12 àti ọjọ́ 25 oṣù keje 2021, omi wọ àwọn yàrá abẹ́ ilẹ̀ àti ibùdókọ̀ ojú irin kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ìlú tí ó ní owó tó báyìí ni o!

Ní Stratford, níbi tí wọ́n kọ́ pápá Olympics 2012 sí, wọ́n gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àárín ẹ̀ka odò Lea ni pápá náà wà. Wọn kò bo odò náà. Wọ́n fẹ̀ ẹ́, wọ́n dẹ etí rẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n gbin irúgbìn etí omi tí ó lé ní 300,000 síbẹ̀, kí omi lè rí ibi tẹ́ ara sí nígbà tí ó bá kún. Àwọn ọmọ wa ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, wọ́n rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni koríko gíga wọ̀nyẹn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ owó wa. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan tí àwọn kan nínú wa wà nínú rẹ̀ ní kí a dáwó fún pápá ìṣeré tuntun nílé. Wọ́n fi àwòrán àti ìwé ìṣirò ránṣẹ́. A ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìjókòó wà níbẹ̀, iná alágbára wà níbẹ̀, yàrá àwọn ènìyàn ńlá pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, géètì tí a ó kọ orúkọ olówó sí wà níbẹ̀. Fún àyíká, ìlà kan ṣoṣo: òdòdó àti igi. Gọ́tà kò sí. Ilẹ̀ tí wọ́n mú sì nìyí: àkùrọ̀ etí ìlú, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń gbin tẹ̀tẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ṣófo, wọ́n sì fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

A pe bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ náà. Wọ́n ní, “Ẹ má dààmú, ẹ̀yin ọmọ wa, yangí ni a ó fi kún un.” A kì í bá àgbà jiyàn lórí tẹlifóònù, a dúpẹ́, a gbé e sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi yangí kún àkùrọ̀, omi tí ń sinmi níbẹ̀ kò kú. Yóò ṣí lọ sí ibi tí ó rẹlẹ̀ jù lẹ́yìn rẹ̀, ọjà àti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ni ó wà níbẹ̀. Àwa tí a gbọ́n díẹ̀ nígbà náà kò gbàgbé 31 oṣù kẹjọ 1980, nígbà tí Ògùnpa ya wọ Ìbàdàn. Ní 26 oṣù kẹjọ 2011, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn kan náà, àwọn tí ó kú lé ní 100. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ti ẹni tí ó kọ́lé sójú ọ̀nà odò kò nílò òwe.

A kò ní kí wọ́n má kọ́ pápá. Ọmọdé nílò ibi eré. Ohun tí a ń sọ ni pé kí wọ́n fi apá tí ó rẹlẹ̀ jù sílẹ̀ fún omi, kí wọ́n gbẹ́ ẹ jinlẹ̀, kí wọ́n sì fi erùpẹ̀ rẹ̀ ṣe òkìtì ìjókòó bí ti Oval ní 1880. Owó ìjókòó onírin yóò dínkù gidigidi. Kí ibi ìgbọ́kọ̀sí jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, kì í ṣe kọnkéré. Kí gọ́tà fẹ̀, kí owó kíkó ẹrẹ̀ àti ọ̀rá inú rẹ̀ sì wà nínú ìwé ìṣirò lọ́dọọdún, nítorí gọ́tà tí a kò kó, kòtò ìdọ̀tí ni. Bí ó bá gba pé kí yàrá àwọn ènìyàn ńlá dúró di ọdún mìíràn, kí ó dúró.

A ti kọ gbogbo èyí sínú lẹ́tà, a sì ti fi í ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ nílé. Owó tí a ti dá wà ní báńkì níhìn-ín, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí àwòrán tí ó fi ọ̀nà omi hàn yóò fi dé.