Nọ́mbà Tí Kì í Padà Sẹ́yìn

Nínú gbogbo ohun tí dátábéèsì ń ṣe fún wa, èyí tó ṣì máa ń wú mi lórí jù ni nọ́mbà tó máa ń fún ìlà tuntun kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sínú àtẹ, ẹ kò dárúkọ nọ́mbà kankan, dátábéèsì á fún un ní 1. Ẹni tó tẹ̀ lé e á gba 2, ẹni tó tún kàn á gba 3. Ìlérí kan ṣoṣo ni nọ́mbà yìí ṣe: pé ẹlòmíràn kò ní jẹ́ ẹ nínú àtẹ yẹn. Bó ṣe ń mú ìlérí náà ṣẹ ni mo fẹ́ yìn.

Edgar Codd, ọmọ Ìlú Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá IBM ṣiṣẹ́ ní San Jose ní Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́ lọ́dún 1970 pé inú àtẹ ni ká máa to ìmọ̀ sí, kí ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní kọ́kọ́rọ́ tí a ó fi dá a mọ̀. Ibo wá ni kí kọ́kọ́rọ́ náà ti wá? Ẹ wo àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Táíwò Adéyẹmí lè pé mẹ́ta níbẹ̀. Obìnrin lè wọlé ọkọ kó sì yí orúkọ padà. Síìmù lè sọnù, kí nọ́mbà fóònù bá a lọ. Akọ̀wé kan á fi àmì sórí Adéyẹmí, èkejì ò ní fi sí i. Lójú kọ̀ǹpútà, ó ti di èèyàn méjì. Ṣùgbọ́n 42 kò mọ ìdílé ẹni, kò mọ ọjọ́ orí, kò mọ ẹni tó ṣègbéyàwó. Nítorí pé kò mọ nǹkan kan nípa wa, kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí wa tí yóò mú kó yí padà. Àtẹ owó ìfipamọ́ àti àtẹ owó yíyá lè fọkàn tán an.

Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ ti hàn ni ìgbà tí èèyàn méjì bá kàn án lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò tíì mọ iṣẹ́ yìí dáadáa á ní kí dátábéèsì wo nọ́mbà tó ga jù nínú àtẹ, kó fi 1 kún un. Akọ̀wé kan wà ní Ìbàdàn, èkejì wà ní Ọ̀yọ́, wọ́n tẹ bọ́tìnì pọ̀. Àwọn méjèèjì rí 41, àwọn méjèèjì sì mú 42. Bí a bá ti sọ òpó tí nọ́mbà náà wà di kọ́kọ́rọ́, dátábéèsì á lé ọ̀kan padà. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, owó ẹnì kan ti wọnú owó ẹlòmíràn nìyẹn. Aṣírò tí dátábéèsì yà sọ́tọ̀ kì í wo inú àtẹ rárá. Á fún Ìbàdàn ní 42, á fún Ọ̀yọ́ ní 43, ẹnikẹ́ni ò ní dúró kí ẹnì kejì parí tirẹ̀.

Ká wá ní íntánẹ́ẹ̀tì Ìbàdàn já láàárín iṣẹ́. Dátábéèsì á pa gbogbo ohun tí akọ̀wé náà ti bẹ̀rẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n aṣírò ò ní padà sí 42. Ẹni tó bá tún dé, 44 ló máa gbà. Àwọn àbúrò tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, 42 dà?" Mo máa ń sọ fún wọn pé bí wọ́n ṣe ń pín tálì ní ọsibítù ni: ẹni tó gba 42 tó sì bínú lọ sílé, nọ́ọ̀sì kì í tìtorí rẹ̀ gba tálì lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó jókòó láti tún un pín. Bí aṣírò bá fẹ́ máa padà sẹ́yìn, àfi kí gbogbo èèyàn máa dúró de ẹni tó wà níwájú wọn. Àlàfo yẹn ni owó tí a san kí ọgọ́rùn-ún èèyàn lè ṣiṣẹ́ pọ̀ láìdí ara wọn lọ́wọ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Dátábéèsì MySQL ń pe aṣírò yìí ní AUTO_INCREMENT, SQL Server ń pè é ní IDENTITY, PostgreSQL sì ní sequence tí à ń fi nextval bèèrè nọ́mbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ nọ́mbà tí ìlà yín gbà, RETURNING á gbé e lé yín lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀ nínú PostgreSQL. LAST_INSERT_ID() ti MySQL náà kì í dárúkọ nọ́mbà oníṣẹ́ míì fún yín. Tiyín nìkan ló ń sọ. Kí MySQL 8.0 tó jáde lọ́dún 2018, orí ni InnoDB, apá MySQL tó ń tọ́jú àtẹ, fi ń ka iye tó bá dé. Bí ẹ bá pa ìlà tó kẹ́yìn rẹ́, tí iná sì lọ, nígbà tí iná bá dé, ó lè gbé nọ́mbà náà fún ẹlòmíràn. Láti 8.0 ló ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí iná tó lọ má bàa sọ ìlérí di asán. Iṣẹ́ takuntakun nìyẹn, mo sì kí àwọn tó ṣe é.

Ohun kan ṣoṣo la gbọ́dọ̀ kíyè sí láti ìbẹ̀rẹ̀: bí àyè ṣe tóbi tó. Ibi tí irú nọ́mbà tí à ń pè ní INT lásán parí sí ni 2,147,483,647. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, nọ́mbà tán nínú àtẹ kan ní ilé-iṣẹ́ Basecamp. Fún wákàtí mélòó kan, àwọn oníbàárà ń ka iṣẹ́ wọn, wọn ò lè kọ nǹkan tuntun. BIGINT fi báìtì mẹ́rin péré ju INT lọ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì ju bílíọ̀nù mẹ́sàn-án lọ́nà bílíọ̀nù kan lọ. Òun ni mo máa ń yàn.

Bí àwọn olùyẹ̀wé-owó bá ní nọ́mbà rìsíìtì kò gbọ́dọ̀ fò, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ ṣe òpó ọ̀tọ̀ fún rìsíìtì, ẹ ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ kí ẹnì kan ṣoṣo máa wọlé lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gbà pé àwọn èèyàn á tò. Ẹ má di ẹrù yẹn lé kọ́kọ́rọ́ lórí. Kó fo 42, kó fo 58, kò bà á jẹ́. Ohun tó jẹ ọmọ ẹgbẹ́ lógún ni pé kí owó tó fi òógùn rẹ̀ kó jọ má ṣe bọ́ sí orúkọ ẹlòmíràn, nọ́mbà yìí sì ló ń ṣọ́ ọ fún un.