Curl, Ìránṣẹ́ Tó Mọ Àrokò Gbogbo Ìlú

Iṣẹ́ ìkànnì ni mo ń ṣe ní Ìsìkàn, Àkúrẹ́. Èmi ni mo ń bá àwọn oníṣòwò àti ilé-ìwé bójú tó tiwọn. Irinṣẹ́ tí ọwọ́ mi kì í kúrò lára rẹ̀ kò ní àwòrán, kò sì ní bọ́tìnnì kankan. Curl ni wọ́n ń pè é. Àṣẹ ìlà kan péré lèèyàn máa kọ sí i, á lọ bá sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pèsè ìkànnì àti fáìlì, lókè òkun, á sì gbé ohun tí a rán an bọ̀.

Ohun tó wù mí jù lára rẹ̀ ni bó ṣe gbọ́ ìlànà tó pọ̀ tó. Sáfà kì í dá ẹni tí kò mọ ìlànà rẹ̀ lóhùn. Bí àrokò ayé àtijọ́ ló rí: bí ẹni tó fi owó ẹyọ ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á kò bá jọ mọ ohun tí iye rẹ̀ dúró fún, owó ẹyọ lásán ló gbà. HTTP àti HTTPS ni ti ìkànnì. FTP àti SFTP ni ti fáìlì. SMTP ń fi í-meèlì ránṣẹ́, IMAP àti POP3 ń gbà á. Bí mo bá tẹ curl -V lórí Linux tèmi, ìlànà tó tò síbẹ̀ lé ní ogún.

Wọn kò dá a sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Rafael Sagula, ọmọ Brazil, ló kọ́kọ́ kọ httpget, ètò tí curl ti wá, ní 1996. Daniel Stenberg ní Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣiṣẹ́, torí ó fẹ́ kí ètò kan máa bá òun wá iye owó ilẹ̀ òkèèrè lójoojúmọ́. HTTP nìkan ló gbọ́ nígbà náà. Nígbà tí wọ́n rí iye owó náà níbi tó jẹ́ ìlànà Gopher ni wọ́n ń lò, wọ́n fi Gopher kún un. FTP tẹ̀ lé e, orúkọ sì di urlget ní oṣù kẹjọ 1997. Ìgbà tó wá ń fi fáìlì ránṣẹ́ pẹ̀lú, wọ́n sọ ọ́ ní curl ní ogúnjọ́ oṣù kẹta 1998.

Ẹ wo àmì kékeré yìí: -C -. Ẹni tó ń gbé Àkúrẹ́ mọ bó ṣe ń rí kí fáìlì ńlá dé ìdajì kí nẹ́tíwọ̀kì já, tàbí kí NEPA mú iná lọ. Bí a bá fi àmì yìí sí àṣẹ wa, curl á wo ibi tí fáìlì dé. Bó bá jẹ́ HTTP, á kọ Range sí sáfà, á sọ ibi tó fẹ́ kó ti bẹ̀rẹ̀. Sáfà tó bá gbà yóò fi kóòdù 206 dáhùn. Bó bá jẹ́ FTP, REST ló máa kọ́kọ́ sọ, kó tó ní kó gbé fáìlì wá. Àmì kan náà la tẹ̀. Curl ló mọ bó ṣe máa sọ ọ́ létí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí sáfà HTTP kò bá gbà, curl á sọ ọ́ fún wa gbangba. Dátà tí a fowó rà kò ní ṣòfò lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n ìlànà kò dọ́gba. FTP àti TELNET ń gbé ọ̀rọ̀ aṣínà lọ ní ìhòòhò, ẹni tó bá lúgọ sójú ọ̀nà á kà á. Curl á jẹ́ iṣẹ́ tí a bá rán an; àwa la gbọ́dọ̀ mọ èyí tó yẹ ká yàn. Níbi tí SFTP bá wà, èmi kì í wo FTP lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní FUTA àti ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri ìlú, ọ̀fẹ́ ni curl. Ẹ fi -v sí àṣẹ yín, kí ẹ sì fara balẹ̀ kà á: ìlà tó bá ní > ni curl sọ, èyí tó bá ní < ni sáfà fi fèsì. Ẹni tó bá lè ka ìjíròrò yẹn kò ní máa méfò mọ́ bí ìkànnì bá kọ̀ tí kò ṣí.