"Ẹ Wọ̀ Ọ́ Lọ Yídì Ná": Lórí Géèmù Tí Wọ́n Ń Tà Kí Wọ́n Tó Parí Rẹ̀

Ẹni tó bá ti rán aṣọ Iléyá rí ní Ìlọrin yóò mọ irú télọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti gba owó rẹ pé láti oṣù méjì sẹ́yìn. Ní àìsùn ọdún ló tó gbé aṣọ fún ọ: kò tíì ṣí ihò bọ́tìnnì, kò tíì ṣẹ́tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Á ní, "Bàbá, ẹ wọ̀ ọ́ lọ Yídì ná. Bí ọdún bá ti kọjá, ẹ bá mi gbé e padà wá, màá parí ẹ̀." Kí lẹ fẹ́ ṣe? Ẹ ó wọ̀ ọ́ lọ ni.

Télọ̀ yìí ni mo rántí nígbà tí ọmọ ọmọ mi wá lo ìsinmi ilé-ìwé lọ́dọ̀ mi. Ó ti tọ́jú owó fún oṣù mélòó kan kó tó ra àwo géèmù tó gbé dání. Ó ki àwo bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní àfi ká kọ́kọ́ gba àtúnṣe rẹ̀ wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. A bá fi dátà inú fóònù mi gbà á. Kí ilẹ̀ tó mọ́, dátà tí mo fẹ́ fi lo oṣù kan ti tán, àtúnṣe náà kò tíì dé ìdajì, iná sì ti lọ. Ọmọ náà wojú mi, ó ní, "Bàbá àgbà, ṣebí mo ti rà á?"

N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin tí mo kọ́ yóò ti máa rẹ́rìn-ín pé kí ló kan Bàbá kan géèmù. Ẹ ní sùúrù. Nígbà tí à ń ka ìwé pọ̀ nínú kíláàsì, ṣebí a máa ń bi ara wa pé ìgbà wo la lè sọ pé iṣẹ́ ọnà kan ti parí? Ìbéèrè yẹn náà ni ọmọ yìí bi mí, àfi pé tirẹ̀ ní owó nínú.

Bọ́ọ̀gì ni àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń pe àléébù inú iṣẹ́ wọn. Ètò tó bá gùn kò lè ṣe kó má ní in, nítorí náà n kò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó ṣàṣìṣe. Ohun tí wọ́n fi ń tún un ṣe ni wọ́n ń pè ní patch, Yorùbá sì ti ní orúkọ fún un tipẹ́: àbùlẹ̀, irú èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ aṣọ tó ya. Ṣùgbọ́n aṣọ tó gbó là ń lẹ̀. Ta ló ń ra aṣọ tuntun tòun ti àbùlẹ̀?

Ìkánjú inú òwò géèmù kì í ṣe ti òní. Ní 1982, ilé-iṣẹ́ Atari ní Amẹ́ríkà fẹ́ kí géèmù tí wọ́n fi fíìmù E.T. ṣe bá ọjà Kérésìmesì. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni wọ́n fún Howard Scott Warshaw láti fi ṣe é. Ọjà náà kò tà bí wọ́n ṣe rò. Ní 1983 wọ́n kó ẹrù rẹ̀ lọ bò mọ́lẹ̀ ní ààtàn ìlú Alamogordo, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, wọ́n sì hú lára rẹ̀ jáde ní April 2014. Láyé ìgbà yẹn, inú ike kékeré tí à ń ki bọ ẹ̀rọ ni géèmù máa ń wà. Ohun tó bá ti kúrò nílé-iṣẹ́ ti kúrò nìyẹn, kò sí àbùlẹ̀ tó lè bá a. Àwọn tó rà á pàdánù owó wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹrù tí kò tà, ọrùn Atari ló wà. Ẹ̀rù irú àdánù bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí ènìyàn yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Íntánẹ́ẹ̀tì ló mú ẹ̀rù yẹn kúrò. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Cyberpunk 2077. Ilé-iṣẹ́ CD Projekt Red ti ìlú Warsaw, ní Póláǹdì, kéde rẹ̀ ní 2012. Wọ́n dá 16 April 2020 fún un, wọ́n sún un sí September, wọ́n tún sún un sí November, kó tó wá bọ́ sí 10 December. Lóṣù mélòó kan sí ìgbà yẹn, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa fi ọjọ́ mẹ́fà ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Ẹ̀dà mílíọ̀nù mẹ́jọ ni àwọn ènìyàn ti rà sílẹ̀ kó tó jáde. Àwọn akọ̀ròyìn tí wọ́n fún láyè láti yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú, èyí tó wà fún kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n fi hàn wọ́n. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n rí èyí tó wà fún PlayStation 4 àti Xbox One, àwọn ẹ̀rọ tó ti pẹ́ díẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń lò nílé.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ti yọ. Lórí àwọn ẹ̀rọ yẹn, géèmù náà ń kú lójijì, ènìyàn inú rẹ̀ sì máa ń na apá méjèèjì gbọọrọ láìmira bí aṣọ́komásùn. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tí Sony fi yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ tó ti ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì ní òun yóò dá owó padà. Ó di June 2021 kó tó padà síbẹ̀. Marcin Iwiński, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, tọrọ àforíjì nínú fídíò ní January 2021. Ó ní àyẹ̀wò tí àwọn ṣe kò fi ọ̀pọ̀ nínú àwọn àléébù náà hàn. Àwọn olùdókòwò pè wọ́n lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi $1.85 mílíọ̀nù parí rẹ̀. September 2023 ni àbùlẹ̀ ńlá tí wọ́n pè ní 2.0 jáde, àwọn tó ti bínú tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín.

Àwọn tó ń gbèjà àṣà yìí máa ń di ìparí ìtàn yẹn mú. Wọ́n á tún dárúkọ No Man's Sky, tó jáde ní 2016 tí ayé bú u, tí Hello Games kò sì yéé tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ títí ó fi dára. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Mo gbà. Mo tiẹ̀ gbà pé ènìyàn lè ta ohun tí kò tíì parí láìṣe ohun àbùkù. Láti 2009 ni Minecraft ti wà lórí àtẹ, November 2011 ni wọ́n tó sọ pé ó pé. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò tíì parí, owó rẹ̀ ìgbà yẹn sì kéré sí ti ìgbẹ̀yìn. Ẹni tó rà á mọ ohun tó ń rà. Àìparí kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni pé kí a ta àìparí ní owó àṣeparí, kí a sì sọ oníbàárà di ẹni tó ń bá wa wá àléébù kiri, òun náà ló tún ń sanwó fún un.

Owó yẹn kò sì dọ́gba níbi gbogbo. Níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti yá tí iná kì í lọ, ènìyàn lè tẹ bọ́tìnnì kan, kó lọ sùn, kí àbùlẹ̀ ti pé kó tó jí. Tiwa ńkọ́? Ní January 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi owó kún owó iṣẹ́ wọn, ó lè tó 50%. Nítorí náà, géèmù kan náà tí wọ́n tà fún ọmọ Warsaw àti ọmọ Ìlọrin, ọmọ Ìlọrin yóò tún un rà lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú dátà àti epo jẹnẹrétọ̀. Ẹni tí kò bá lágbára rẹ̀, èyí tó bàjẹ́ ni yóò máa gbá lọ. Àbùlẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn.

Bí ẹ bá ní eré ni, kí la ń tìtorí rẹ̀ pariwo sí, ẹ rántí UTME 2025. Àjọ JAMB ṣe àtúnṣe sí ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò. Lára rẹ̀ ni pé wọ́n ń po ìbéèrè àti ìdáhùn pọ̀ kí ó má baà rí bákan náà fún gbogbo ọmọ. Àtúnṣe náà dé orí àwọn sáfà apá kan, kò dé orí èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti Gúúsù Ìlà-Oòrùn, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ títí èsì fi jáde. Ọmọ 379,997 ní ibùdó 157 ló kàn. Ní 14 May, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, tó ti jẹ́ gíwá Yunifásítì Ìlọrin wa níbí rí, sunkún ní gbangba, ó sì tọrọ àforíjì. Wọ́n fún àwọn ọmọ náà láyè láti tún ìdánwò ṣe. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó gbà pé àwọn ṣàṣìṣe. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí ọmọ kan fi rò pé olódo lòun, àbùlẹ̀ wo ni wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn? JAMB kò ta géèmù o, ṣùgbọ́n àṣà kan náà ló bí méjèèjì: ká gbé e jáde ná, bí ó bá bàjẹ́ a ó tún un ṣe.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin tí mo kọ́ ti di ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà báyìí, ẹ̀yin ni mo fi ìyókù bá sọ̀rọ̀. Bí iṣẹ́ yín kò bá tíì parí, ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì dín owó rẹ̀ kù. Ẹ dán an wò lórí ẹ̀rọ tí tálákà ní, kì í ṣe èyí tó wà lórí tábìlì yín nìkan. Ohun tó bá wà nínú àwo, ẹ jẹ́ kó ṣeé lò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀gá yín bá sì ti dá ọjọ́ tí kò lè bọ́ sí i, ẹ sọ fún un nígbà tí ó ṣì lè sún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà, ẹ má sanwó sílẹ̀ fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí.

Èsì tí mo jẹ ọmọ ọmọ mi fún ìyẹn rèé: bẹ́ẹ̀ ni, o ti rà á, àwọn tó tà á fún ọ ni kò tíì tà á tán. Ìsinmi parí kí àbùlẹ̀ tó pé, ó ti padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àwo náà ṣì wà lórí tábìlì mi níbí.