Ọwọ́ Tó Ń Kọ́ Kernel fún Raspberry Pi

Ọdún 2012 ni Raspberry Pi kọ́kọ́ jáde láti Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: odidi kọ̀ǹpútà lórí pátákó tó tó káàdì báńkì. Kernel Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland lọ́dún 1991, ló sábà máa ń darí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kernel tó bá iṣẹ́ tirẹ̀ mu lè kọ́ ọ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ yìí sì wù mí gidigidi.

Bí a bá ní kí Pi kọ́ kernel ara rẹ̀, ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Kọ̀ǹpútà ńlá ló máa ń bá a ṣe é. Ṣùgbọ́n èdè wọn kì í sábà dọ́gba: x86 ni ẹ̀rọ ńlá ń gbọ́, ARM ni Pi ń gbọ́. Nítorí náà, compiler kan tó ń jẹ́ aarch64-linux-gnu-gcc ló ń jókòó sórí ẹ̀rọ kan, tó ń kọ èdè ẹ̀rọ èkejì.

Nínú iṣẹ́ kíkọ́ kernel, menuconfig, àtẹ àṣàyàn rẹ̀, ni mo fẹ́ràn jù. Níbẹ̀ ni ọ̀mọ̀ṣẹ́ ti ń ṣa ohun tí kernel yóò ní, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Bluetooth lè lọ, bí a kò bá lò ó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìkánjú yọ ext4, ìyẹn ètò ìtọ́jú fáìlì, kúrò, tó sì jẹ́ òun ni káàdì SD yín ń lò, Pi kò ní lè tan dé ibi kankan.

Nígbà tí àṣẹ uname -r bá wá gbé orúkọ tí ẹ fún kernel náà jáde, inú yín á dùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní Pi lọ́wọ́, ẹ fi kernel àtijọ́ pamọ́, kí ẹ sì dán an wò.