Jìtá Jùjú Kò Ní Oríkì

Ìlù ní ìdílé. Onílù á bímọ, orúkọ ọmọ á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn, ìlù bàbá á sì di ti ọmọ. Jìtá ńkọ́? Ó ti lé ní ọdún 80 tí báńjò àti jìtá ti wà nínú orin jùjú, síbẹ̀ a ò tíì fún wọn ní ìdílé. Ohun tí kò ní ìdílé kì í pẹ́ sọnù.

Ṣebí jìtá ló gbé jùjú dé ibi tó dé. Báńjò oníwáyà mẹ́fà ni Túndé King ń ta nígbà tó ṣe àwo fún Parlophone ní 1936. Awọ ló wà lójú báńjò, ìdí nìyẹn tó fi ń dún ketekete láìsí iná. Ẹgbẹ́ ìgbà yẹn kéré: báńjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, táńbúrìn àti ẹni tó ń gbe orin. Ní nǹkan bí 1949, Àyìndé Bákàrè mú jìtá oníná wọ inú jùjú. Ìlù tí ì bá bo jìtá mọ́lẹ̀ wá rí àyè jókòó. Christopher Waterman sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ lórí jùjú ní 1990, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀: ẹ̀rọ òyìnbó ló ṣílẹ̀kùn fún ìlù ilé.

Ẹ tún tẹ́tí sí Juju Music, àwo tí King Sunny Adé ṣe fún Island Records ní 1982. Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ló ta jìtá àgbétẹ́lẹ̀ ibẹ̀. Lára jìtá yòókù, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn rẹ̀ ló ń pààlà sáàárín ohùn kan sí èkejì. Ńṣe ni ohùn ń fò bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Ti Adépọ̀jù, ìlà lásán ni wọ́n kùn síbẹ̀. Irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń yọ̀ lórí wáyà, tí ohùn á máa rọra gòkè, á rọra sọ̀kalẹ̀, bíi gángan tí wọ́n ń fún mọ́ abẹ́ apá. Kò pe ọ̀rọ̀ bíi gángan o. Ó ń dá gángan lóhùn ni. Ọwọ́ yẹn kan náà ló wà nínú Graceland Paul Simon ní 1986.

Lókè òkun, ní oṣù Kẹfà 2020, wọ́n ta jìtá Martin kan tí wọ́n ṣe ní 1959 ní dọ́là 6,010,000, torí pé òun ni Kurt Cobain ta lórí MTV ní 1993. Igi kọ́ ni wọ́n san owó yẹn fún. Nọ́ńbà inú rẹ̀, fọ́tò, àti ìtàn bó ṣe ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíì ni. Àkọsílẹ̀ yẹn ni oríkì jìtá. Àwa mọ jìtá í ta, a sì mọ̀ ọ́n tà. Kíkọ orúkọ ẹni tó ta á la ò mọ̀.

Àmọ́ òṣùwọ̀n wọn kò bá tiwa mu tán. Bí ẹ bá tún jìtá kùn, tí ẹ pààrọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ kan, owó rẹ̀ já wálẹ̀ nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, àtúnṣe wà lára ìtàn. A máa ń pààrọ̀ awọ dùndún, dùndún náà ló sì ń jẹ́.

Ẹnìkan lè ní jìtá wà fún títa, kò wà fún inú gíláàsì. Òótọ́ ni. Ta ló ní kẹ́ ẹ tì í mọ́lé? Láti Ìkòròdú dé Ìmọ̀ta títí dé Ẹ̀pẹ́, bí bàbá kan bá wà ládùúgbò yín tó ta jìtá jùjú rí, ẹ lọ kí wọn. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára jìtá náà, ọdún tí wọ́n rà á, ẹni tó tà á fún wọn, ẹgbẹ́ tí wọ́n fi bá ṣeré, ohun tí wọ́n ti tún ṣe lára rẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Ìlà márùn-ún yẹn tó. Kí ẹ wá dá jìtá padà fún wọn, kí wọ́n ta á kí ẹ gbọ́.